Ẹ jẹ́ kí fóònù ṣe ọmọ iṣẹ́ fún tíṣà, kó má di ọ̀gá ẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsinmi. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí láyé mi, kíkà ni tèmi, tí mo bá kà á tán ọkọ mi á gbà á lọ́wọ́ mi, tó bá kúrò lọ́wọ́ ọkọ mi ó di ti aládùúgbò. Àmọ́ lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló mú mi gbé bírò, àbí kí n kúkú ní ó mú mi gbé fóònù, torí orí fóònù ni mo ti ń tẹ èyí. Bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn ní kí ìjọba fòfin de fóònù ní gbogbo ilé ìwé pátápátá, tọmọ ti tíṣà, pé òun ló ba ẹ̀kọ́ jẹ́, pé síléètì àti ẹfun ni wọ́n fi kàwé nígbà tiwọn tí wọ́n sì di èèyàn. Mo kí bàbá o. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n, torí èmi náà ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù lábẹ́ tábìlì nígbà tí mo ń fi gbogbo ọ̀fun mi ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kù díẹ̀ káàtó, mo sì fẹ́ kí wọ́n jẹ́ n sọ tèmi.

Tíṣà ni mí. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ Basic Science ní JSS, Ìlọrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ìlú kékeré kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo, mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà torí mi ò fẹ́ wàhálà. Kíláàsì tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Tíṣà Yorùbá wa fẹ̀yìn tì lọ́dún kejì tí mo débẹ̀, wọn ò rọ́pò ẹ̀, ni wọ́n bá gbé Yorùbá náà lé mi lórí. Ẹ fi síbi kan, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń bọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń kọ́ wọn nípa ewé àti kòkòrò, àwọn nǹkan tó wà lára wọn tí ojú lásán ò lè rí. Sílábọ́ọ̀sì ní kí n lo máíkírósíkóòpù. Máíkírósíkóòpù wo? Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà nílé ìwé wa, dígí ẹ̀ ti fọ́ kí n tó débẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ló wà bí ère òrìṣà. Ọdọọdún ni mo máa ń ya máíkírósíkóòpù sójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ á yà á sínú ìwé, a ó kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀ síbẹ̀, ó parí, a ti kọ́ ẹ ní máíkírósíkóòpù nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá sú mi. Mo gbé fóònù mi kalẹ̀ sórí tábìlì, mo dojú ẹ̀ kọ òkè, mo ṣí kámẹ́rà iwájú, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń ya sẹ́lífì, mo fi ẹnu ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan kán omi ẹyọ kan, ẹyọ kan ṣá, sórí dígí kámẹ́rà yẹn. Mo wá mú ewé ewédú, mo gbé e sókè omi yẹn díẹ̀ báyìí, kó má kàn án, kó má sì jìnnà sí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo tó sọ nínú kíláàsì yẹn! Ìṣàn ara ewé hàn gbàgàdà bí ojú títì, irun kéékèèké ara ẹ̀ nà bí igi. Wọ́n gbé èèrùn wá, wọ́n gbé ìyẹ́ aáyán wá, ọmọbìnrin kan fa òwú yọ lára gèlè aṣọ òkè ìyá ẹ̀ tó fi di oúnjẹ wá, la bá rí i pé òwú tí a ń pè ní ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ òwú wẹ́wẹ́ ni wọ́n ran pọ̀. Igbákejì ọ̀gá sáré wá pé ṣé ejò ló wọ kíláàsì ni. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ àwọn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n gbàgbé pé ìbínú ni wọ́n bá wá.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ṣì ń bọ̀ o. Ọmọkùnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó, òun ló wá bi mí pé, "Ma, tí a bá kán omi tó pọ̀ sí i, ṣé á túbọ̀ tóbi?" Mo fẹ́ dáhùn, mo wá pa ẹnu mọ́, mo ní kó kán an ká wò ó. Ó kán ńlá, ó kán kékeré, ó tún kán èyí tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Omi tó kéré jù ló ń mú nǹkan tóbi jù. Ọmọ yẹn ya ẹnu, torí ó yàtọ̀ sí ohun tó rò. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni, bí omi bá ṣe kéré tó bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe ń rí roboto tó, roboto yẹn ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan fi ń tóbi lójú wa. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà ti bọ́ síwájú kíláàsì, kò sẹ́ni tó ní kó wá.

Ẹ ò rí i pé kò sí dátà níbẹ̀, kò sí iná, kò sí kọ̀ǹpútà, fóònù kan tí gíláàsì ẹ̀ ti là níbi méjì ni. Ọgbọ́n inú ló ṣe é. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yìn mí o, orí íntánẹ́ẹ̀tì lèmi náà ti rí i kọ́, tíṣà kan ló fi han àwọn ọmọ tiẹ̀ nínú fídíò. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀, ewédú, aṣọ òkè, ìyẹn tèmi ni.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí bàbá onílẹ́tà yẹn bá mi dúró sí. Tí a bá fòfin de fóònù pátápátá, òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ì bá má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tún sí lẹ́yìn àwọn tó rò pé ká ṣáà ti kó ẹ̀rọ wọlé, ẹ̀kọ́ á dára fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ti yàrá kọ̀ǹpútà kan fún yín.

Ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà ogún wá fún wa. Ayẹyẹ ńlá, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, àwọn ọmọ kọrin, a ya fọ́tò, àwa obìnrin da aṣọ ẹbí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àgádágodo dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ wà, ẹni yẹn ò sì fẹ́ kí ohunkóhun bàjẹ́ torí orúkọ ẹ̀ ló wà nínú ìwé, tó bá bàjẹ́ ta ló máa san án? Mi ò bá a wí, èmi náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí i lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára ẹ̀, eku ti fi wáyà ṣe oúnjẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kàwé níwájú ilẹ̀kùn yẹn lọ ṣe JAMB. Ẹ sì mọ̀ pé láti 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ ti orí kọ̀ǹpútà, nígbà tó fi máa di 2015 kò sí ti bébà mọ́, WAEC náà ti ń tẹ̀ lé wọn bọ̀. Ọmọ yìí, tó bá ń ṣàlàyé Báyọ́lọ́jì fún ẹ, wàá rò pé òun ló dá ara èèyàn. Ó dé ibi ìdánwò, wọ́n ní kó fi máòsì mú ìdáhùn, ló bá gbé máòsì sókè, ó ń fi í tọ́ka sí sìkírìnnì bí ẹni ń lo rìmóòtù tẹlifíṣàn. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ pọ́n. Máàkì tó gbà lọ́dún náà ò gbé e dé ibi tó fẹ́. Kọ̀ǹpútà ogún, mítà mẹ́wàá sí ibi tó ti kàwé fún ọdún mẹ́ta o.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan náà ṣáá. Ní Peru lọ́hùn-ún ní Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n pín laptop tó lé ní 800,000 fún àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn olùwádìí lọ wò ó, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2012, ìṣirò àti ìwé kíkà àwọn tó rí laptop gbà ò sàn ju ti àwọn tí ò rí gbà lọ. Sweden tí wọ́n ti ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì rọ́pò ìwé, ní 2023 ìjọba wọn ló tún ń ná owó sórí ìwé tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà. Nítòsí wa níbí, Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013 nígbà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ SSS, ìwé kíkà wà nínú ẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú ẹ̀, kódà Ifá wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, mi ò mọ nǹkan kan nípa Ifá, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún un yẹn máa ń dùn mọ́ mi, torí bí mo ṣe gbọ́ ọ, ọpọ́n kì í sọ nǹkan kan fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Tí a bá tún wò ó, àwa ará Ìlọrin ti ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì tipẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òkèlélé ni mo dàgbà sí, ilé kéwú ni mo kọ́kọ́ lọ kí n tó lọ ilé ìwé, kí ni wàláà wa bí kì í bá ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì? Pákó ni, o kọ ọ́, o kà á, tí o bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa àfáà á ní kí o lọ fọ̀ ọ́, o tún kọ òmíràn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. A lè tó ọgbọ̀n ọmọ lábẹ́ igi kan, ọgbọ̀n wàláà, ibi tí èmi dé yàtọ̀ sí ibi tí ìwọ dé, ẹni tó wà ní Fàtíà jókòó ti ẹni tó ti ju Yàsíìn lọ, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kan, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé ẹlòmíì. Àwọn àgbà nínú wa ló ń kọ́ àwọn kékeré, àfáà kàn ń yí ká ni, etí ẹ̀ ló fi ń ṣọ́ ọgbọ̀n ohùn, tó o bá ṣi ẹyọ kan kà, ó ti gbọ́. Àwọn òyìnbó wá ń ta àápù fún wa lónìí, wọ́n ní ohun tuntun ló ń ṣe, pé ó ń jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kàwé níbi tí agbára ẹ̀ dé. Tuntun níbo? (Ẹgba àfáà náà wà níbẹ̀ o, mi ò gbàgbé, ìyẹn ò ní láti padà wá.)

Mo dán ọgbọ́n wàláà yẹn wò nínú kíláàsì mi. Àápù kan wà tó ń jẹ́ Kolibri, ọ̀fẹ́ ni, ìwúlò ẹ̀ ni pé tí o bá ti kó ẹ̀kọ́ sínú laptop kan ṣoṣo, àwọn fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí á máa kà á látara laptop yẹn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlọrin ni mo ti fi wáífáì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó o sínú laptop mi. Fóònù mẹ́fà la rí kó jọ, tèmi, tàwọn tíṣà méjì, mẹ́ta táwọn òbí yá wa. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, fóònù mẹ́fà. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, mo fi ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù ṣe àfáà kékeré fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kìíní dà rú o, àwọn ọkùnrin gbá fóònù mú, àwọn obìnrin ń yọjú láti ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ kejì mo ní obìnrin ló máa kọ́kọ́ dì í mú, ọkùnrin ló máa kọ̀wé, tó bá yá wọ́n á pààrọ̀. Ó gún.

Ó yá, ká dé orí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo ní kí ẹ fi síbi kan. Láti ìparí 2022 tí ChatGPT, ìyẹn AI tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń bá èèyàn kọ̀wé, ti jáde ni iṣẹ́ àṣetiléwá ti di nǹkan míì. Mo ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa ọjọ́ ọjà ní ìlú wọn. Ọmọ márùn-ún gbé ọ̀kan náà wá, ẹ̀gbọ́n kan ló bá wọn bi AI nílé. Ẹ wá wo Yorùbá! Ó ní ọjà náà "kún fún ìgbésí ayé", ó ní àwọn òǹtajà "ń wọ ẹ̀rín músẹ́ lójú wọn". Ta ló ń wọ ẹ̀rín? Ṣé bùbá ni? Àmì orí ọ̀rọ̀ náà kàn wà níbẹ̀ ni, bí iyọ̀ tí ọmọdé bù sọ́bẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ nà wọ́n. Mo wá rò ó pé àṣìṣe tèmi ló kọ́kọ́ ṣáájú, torí ìbéèrè tí mo bi wọn, ẹ̀rọ lè dáhùn ẹ̀ láìjáde nílé.

Mo pa ìbéèrè dà. Mo ní ọjọ́ ọjà Àjàṣẹ́ tó ń bọ̀ yìí, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú fóònù kan lọ, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, kí wọ́n kí i dáadáa, kí wọ́n ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ tí owó bá wà, kí wọ́n gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta: kí ló ń tà, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, èló ló fi ń wọ ọkọ̀ wá, kí ló kù sí i lọ́wọ́ tó bá dalẹ́. Kí wọ́n wá kọ ọ́ bí ẹni yẹn ṣe sọ ọ́, tó bá jẹ́ Ìgbómìnà ló sọ, Ìgbómìnà ni kí wọ́n kọ. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí nǹkan tí wọ́n gbé bọ̀. Ìyá onígaàrí kan ṣe ìṣirò èrè ẹ̀ lórí ahọ́n, tíṣà Ìṣirò wa gbé bírò tì í kò yá tó o. Ìyá oníkòkò kan sọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé amọ̀ ti gbó. Ẹgbẹ́ kan lọ bá ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà.

Wàrà yìí ló wá gbé wa lọ ibi tí mi ò rò. Ìyá oníwàrà ní omi ewé bòmubòmu làwọn ń dà sí wàrà kó tó dì. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, wọ́n ní irọ́ ni, bòmubòmu tí wọ́n ní kí a má fọwọ́ kàn nítorí oje ẹ̀ lè ba ojú jẹ́? Mo ní ó dáa, ẹ lọ bi AI yín. Wọ́n bi í lórí fóònù mi, ó ní ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà ni èèyàn lè fi mú wàrà dì. Irọ́ kọ́ o, ìyẹn náà á dì í. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń tà á ní Àjàṣẹ́ ti sọ tiẹ̀ fún wọn, ohùn ẹ̀ sì wà lórí fóònù. Ìgbà tí wọ́n tún ìbéèrè bi, tí wọ́n dárúkọ bòmubòmu fún un pẹ̀lú orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, Calotropis procera, tí mo wá fún wọn nínú ìwé, ló tó wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ènzáìmù wà nínú oje ẹ̀ tó ń mú wàrà dì. Ọmọ kan dáhùn pé, "Ó mọ̀ ọ́n, kò kàn fẹ́ sọ." Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ wá wò ó, àròkọ Yorùbá la bẹ̀rẹ̀, orí ènzáìmù àti ásíìdì la parí sí: ọsàn wẹ́wẹ́ ń dì í torí kíkan ẹ̀, bòmubòmu ń dì í torí ènzáìmù, ọ̀nà méjì sí ibì kan náà. SS2 ló yẹ kí wọ́n dé ibẹ̀, JSS2 ni wọ́n. (Mo kìlọ̀ fún wọn o, ẹ̀yin òbí náà ẹ kìlọ̀, kí ọmọ kankan má lọ já bòmubòmu dán nǹkan wò nílé, ìyá oníwàrà mọ ìwọ̀n tó ń lò.)

Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ fi wọ̀ wọ́n lára. Tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn, ọmọ mẹ́ta péré ló máa na ọwọ́ sókè, àwọn mẹ́ta tó ń na ọwọ́ lójoojúmọ́ náà sì ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí èdè lọ́tọ̀, àwọn ọmọ yẹn sì ṣe dáadáa ju ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn náà ò rẹ̀yìn. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di 2025 wọ́n tún fagi lé e. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, inú ń bí mi. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ ni pé gbogbo fídíò tó dáa tí mo ń rí lórí sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì ló wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe sikíìtì apanilẹ́rìn-ín lórí TikTok, tí ẹ ní kámẹ́rà, tí ẹ ní iná roboto, tí ẹ mọ fídíò gé, ta ló máa ṣe ti ìṣẹ́jú méjì lórí bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Yorùbá tó já gaara? Àwọn ọmọ mi á wò ó títí yóò fi bó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì ìjọba. Láti 2022 ni Kwara ti gbé KwaraLEARN wọ àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, bí Ẹdó ṣe ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2018 tí Èkó náà sì ní tiwọn. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ tíṣà, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà nínú ẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ohun tí wọ́n máa kọ́, ohun tí wọ́n máa bi ọmọ. JSS lèmi wà, kò kàn mí tààrà, ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò ọkọ mi wà níbẹ̀, ó sì fẹ́ràn ẹ̀, ó ní òun ò fi gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè kọ lẹ́sìn nóòtì mọ́, ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ń kàwé. Mi ò ní ba iṣẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́. Tíṣà tuntun tí ò tíì mọ ibi tó máa gbá mú, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dà bí ọ̀pá fún un. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ gbogbo ẹni tó ń kọ ẹ̀kọ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, níbi yòówù kí wọ́n wà, ni pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀. Wákàtí kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lójú sìkírìnnì, tí tíṣà á gbé ohun tó wà nínú ìlú yẹn wọ kíláàsì. Torí kò sí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó lè mọ̀ pé ìyá oníwàrà wà lọ́nà Àjàṣẹ́.

Ẹ wo ìlú Ẹ̀sìẹ́ níbí. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, gbogbo ayé ló ń wá wò ó. Ẹni tó gbé ìròyìn ẹ̀ jáde síta ní 1933, ìnsípẹ́kítọ̀ ilé ìwé ni, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn míṣọ́nnárì CMS, tó ń jẹ́ Ramshaw. 1945 ni wọ́n kọ́ mùsíọ́mù síbẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta mi yìí, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìgbómìnà, méje péré ló ti débẹ̀ rí. Àwọn tó kù, ẹ bi wọ́n nípa Eiffel Tower, wọ́n á yà á fún yín. Àwọn àgbà ní àlejò tó di òkúta ni wọ́n, àwọn onímọ̀ ní ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ wọn, ẹ ò rí i pé ìbéèrè ti wà níbẹ̀ tó tó kọ́ ọmọ fún tàámù kan: irú òkúta wo ni, kí ló dé tó rọ̀ tó fi ṣeé gbẹ́, ta ló fọ́ orí wọn? Mo ti kọ̀wé tọrọ àyè láti kó wọn lọ. Owó ọkọ̀ ló kù.

Èyí tó rọrùn jù tún wà. Ẹ so òkúta mọ́ okùn tó gùn ní mítà kan, ẹ fi kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, ẹ jẹ́ kó máa fì, ẹ fi fóònù ka àkókò tó gbà láti lọ kó sì bọ̀ nígbà mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni àlọbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá gé okùn náà kù sí ìdámẹ́rin, gbogbo kíláàsì á ní àkókò náà á di ìdámẹ́rin. Ẹ kà á. Mi ò ní sọ ohun tí ẹ máa rí, àwọn ọmọ mi jà síra wọn lórí ẹ̀, wọ́n gun igi lọ tún okùn so lẹ́ẹ̀mẹta.

Nítorí náà, bàbá onílẹ́tà, mo gbà pẹ̀lú yín pé kí fóònù ọmọ wà ní pípa nínú àpò títí tíṣà á fi ní kó mú un jáde. Ìyẹn bófin mu. Àmọ́ ẹ má gba ti tíṣà. Ẹ̀yin ìjọba náà àti ẹ̀yin PTA, kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà ogún míì, ẹ fún wa ní páànẹ́ẹ̀lì sólà kan tó lè ṣájì fóònù mẹ́wàá, ẹ fún tíṣà kọ̀ọ̀kan ní owó dátà díẹ̀ lóṣù, torí láti ìgbà tí dátà ti gbówó lórí ní 2025 inú owó ọbẹ̀ ni mo ti ń yọ tèmi, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn mẹ́ta. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ jẹ́ ó bàjẹ́. Èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ti kọ́ ọmọ ní nǹkan kó tó bàjẹ́, èyí tí eku jẹ ńkọ́?

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ lè gé e kúrú, mo mọ̀ pé ó ti gùn. Ẹ má ṣáà gé ti wàrà, àwọn ọmọ ní kí n rí i dájú pé ó wọnú ìwé ìròyìn, wọ́n á ra ẹyọ kan fún ìyá náà, wọ́n á kà á sí i létí. Bátìrì mi ti ku díẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì sì wà báyìí, ẹ jẹ́ n yára tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ kó tó tún lọ.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà Sáyẹ́ǹsì (àti Yorùbá tí wọ́n fi kún un),
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwara.